Níbi Tí Ọmọ Lè Sá Sí

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹyin ni ohùn. Bí ó bá bọ́ sílẹ̀, kò ṣeé kó mọ́. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi òwe yìí kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Mo ní kí wọ́n pa á, mo ní kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀, mo sì ní kí wọ́n lò ó nínú àròkọ. Ṣùgbọ́n ohùn kan wà tí ó bọ́ lẹ́nu èmi alára ní ọdún 1992, tí n kò rí kó títí di òní olónìí. Nítorí ohùn náà ni mo ṣe ń kọ ìwé yìí sí ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti sí ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń gbaradì fún ìdánwò, nítorí pé púpọ̀ nínú yín ni yóò di olùkọ́ lọ́la.

Ẹni tí ó bá mọ agbègbè Ìkẹjà sí Agége yóò mọ̀ pé ìlú òṣìṣẹ́ ni. Kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọdún 1967 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ ti ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ ní Ìkẹjà fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá. Guinness bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọtí níbẹ̀ ní ọdún 1962. Àwọn ilé-iṣẹ́ aláṣọ, àwọn tí ń ṣe táyà, àwọn tí ń ṣe oògùn àti ohun jíjẹ tò lọ bẹẹrẹ ní òpópó Ọba Akran àti ní ìhà Ọ̀gbà àti Agídíngbì. Ní ìgbà tí mo dé ibẹ̀, ariwo ilé-iṣẹ́ ni àkùkọ tiwa. Baba tí ó ṣe iṣẹ́ òru á máa darí bọ̀ wálé, ìyá tí ó fẹ́ lọ ṣe ti àárọ̀ á máa sáré lọ, ọmọ á sì mú búrẹ́dì Agége lọ́wọ́, á gba ẹ̀gbẹ́ ojú irin lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Aago méjì ọ̀sán ni a máa ń jáde. Ó lè di aago méje alẹ́ kí òbí kan tó wọlé. Láàárín aago méjì sí aago méje yìí, ojú irin àti ẹ̀yìn ògiri ilé-iṣẹ́ ni àgbàlá ìṣeré àwọn ọmọ, kò sì sí àgbà tí ń wò wọ́n.

Oṣù kẹsàn-án ọdún 1983 ni mo gba iṣẹ́ olùkọ́ èdè Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kan tí kò jìnnà sí ojú irin náà. Gómìnà Lateef Jakande ti fi òpin sí ètò tí àwọn ọmọ kan fi ń wá láàárọ̀ tí àwọn mìíràn fi ń wá lọ́sàn-án, ó sì ti kọ́ àwọn yàrá gbọọrọ tí òrùlé wọn kò ga, tí àwọn alátakò rẹ̀ ń pè ní ilé adìyẹ. Ilé adìyẹ tàbí ilé ènìyàn, ọmọ kún inú rẹ̀. Olùkọ́ kan lè dojú kọ ọgọ́ta ọmọ nínú yàrá kan ṣoṣo. Bí ọmọ kan bá ń sunkún ní ìjókòó ẹ̀yìn, olùkọ́ lè ṣe odindi sáà kan kí ó má mọ̀.

Ní ọdún 1992, ọmọkùnrin kan wà ní SS2. Ohùn rẹ̀ tínrín, ìrìn rẹ̀ rọra, àwọn ọmọbìnrin ni ó sì máa ń bá jókòó nígbà ìsinmi. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní “Sísí”. Orúkọ yìí ràn bí iná ọyẹ́. Ó kúrò ní kíláàsì rẹ̀, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ta oúnjẹ ní ẹnu ọ̀nà, ó sì dé yàrá àwa olùkọ́. Olùkọ́ kan a máa fi pè é láti dá àwọn ọmọ lẹ́rìn-ín. Èmi kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pè é, mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó wá bá mi ní ìdí tábìlì mi.

“Ẹ káàsán, sà. Ẹ jọ̀ọ́, sà, wọ́n ní àwọn yóò dúró dè mí ní ẹ̀gbẹ́ ojú irin lónìí.”

“Kí ni o ṣe fún wọn?”

“N kò ṣe nǹkan kan fún wọn, sà. Wọ́n ní n kì í ṣe ọkùnrin.”

Ìwé àwọn ọmọ tí n kò tíì yẹ̀ wò ga níwájú mi. N kò tilẹ̀ gbé orí sókè dáadáa. Mo ní, “Lọ ṣe bí ọkùnrin, wọn yóò fi ọ́ sílẹ̀.”

Ohùn tí ó bọ́ nìyẹn. Ó ní, “Ẹ ṣé, sà,” ó sì jáde.

Wọ́n lù ú ní ọjọ́ náà. Eyín rẹ̀ kan kán, wọ́n sì da àwọn ìwé rẹ̀ sí ojú irin. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n na àwọn mẹ́ta tí ó lù ú ní ẹgba níwájú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n pe òun alára jáde, wọ́n na òun náà ní ẹgba mẹ́fà, wọ́n ní kí ó yé ṣe bí obìnrin. Mo wà níbẹ̀. Mo dúró pẹ̀lú àwọn olùkọ́ yòókù, n kò sì sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kẹta, bàbá rẹ̀ wá. Ilé-iṣẹ́ aláṣọ ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ òru ni ó ti ń bọ̀, ẹ̀hún òwú ṣì wà ní irun orí rẹ̀. Ó gba ìwé ọmọ rẹ̀, ó kí mi, ó ní, “Ẹ ṣeun, sà,” ó sì fa ọmọ náà lọ́wọ́ lọ. N kò mọ ohun tí ó ń dúpẹ́ fún.

Ọdún mẹ́tàdínlógún kọjá. Ní ọdún 2009, mo wà ní ọjà Ìpódò ní Ìkẹjà tí mò ń ra iṣu, ni ọkùnrin kan bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú mi. Òun ni. Ó ti di télọ̀, ó ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì ní àwọn ọmọṣẹ́. A jókòó sí ìdí ẹlẹ́rìndòdò, a sọ̀rọ̀ ìgbà àtijọ́. Nígbà tí ó ṣe, ojú tì mí, mo ní kí ó dárí jì mí. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

Ó ní, “Sà, ohun tí wọ́n ń wí nígbà yẹn, òótọ́ wà nínú rẹ̀. Mo ti wá mọ̀ ọ́n nísinsìnyí. Ṣùgbọ́n èmi fúnra mi kò tíì mọ̀ ọ́n nígbà náà. Ohun tí n kò tíì mọ̀ nípa ara mi ni wọ́n fi lù mí. Ìyẹn kò dùn mí tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Èyí tí ó dùn mí ni pé mo wá bá yín.”

N kò ní èsì kan. Mo bi í léèrè oríkì rẹ̀, bóyá nítorí pé n kò mọ ohun mìíràn tí mo lè sọ. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, “Àlàmú ni, sà.” Ọdún méjì ni mo fi kọ́ ọmọ náà ní oríkì orílẹ̀, mo mọ orúkọ ẹ̀gàn tí wọ́n sọ ọ́, n kò sì mọ oríkì tí ìyá rẹ̀ fi ń kì í.

Ibẹ̀ ni mo ti mú ìpinnu mi. Ẹgbẹ́ Èdè àti Àṣà wà ní ilé-ẹ̀kọ́ wa, èmi sì ni alámòójútó rẹ̀, ṣùgbọ́n a kàn máa ń pàdé fún ìmúrasílẹ̀ ọjọ́ àjọ̀dún ni. Láti sáà tí ó tẹ̀ lé e, mo sọ ọ́ di ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀, ní ọjọ́bọ̀, láti aago méjì sí aago mẹ́rin. Mo fún un ní òfin mẹ́ta. Èkíní: a kì í pe ẹnikẹ́ni ní orúkọ tí òbí rẹ̀ kò sọ ọ́, oríkì ni a ó máa fi pe ara wa. Èkejì: ohun tí ọmọ ẹgbẹ́ bá sọ nípa ara rẹ̀ níhìn-ín kò gbọdọ̀ di ìtàn ní ìta. Ẹ̀kẹta: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá rìn lọ sílé, àwọn tí ọ̀nà wọn pọ̀ yóò jọ máa lọ ni.

Àwọn ọmọ tí ó wá kì í ṣe oríṣi kan. Akólòlò wà níbẹ̀, arọ wà níbẹ̀, ọmọ tí bàbá rẹ̀ wà ní ẹ̀wọ̀n wà níbẹ̀, àwọn tí ó fẹ́ràn ewì nìkan náà sì wà níbẹ̀. N kò sì ní purọ́ fún yín, ẹ̀yin òǹkàwé mi: láàárín wọn ni àwọn tí ọkàn wọn ń fà sí akọ tàbí abo bíi tiwọn, tàbí sí méjèèjì, tàbí tí wọn kò tíì mọ ibi tí tiwọn yóò fì sí. N kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ, á sọ.

Ọmọbìnrin kan wọ ẹgbẹ́ náà ní ọdún 2011. Ó mọ bọ́ọ̀lù gbá, wọ́n sì ń pè é ní “Bọ̀dá”. Nígbà tí ó yan ewì tí yóò kọ́, ìjálá ni ó yàn. Ọmọkùnrin kan sọ pé ti ọdẹ ni ìjálá, ọkùnrin ni í sun ún. Ọmọbìnrin náà kò jiyàn. Ó kàn gbé ohùn sókè, ó kì ẹfọ̀n, ó kì erin, gbogbo yàrá sì pa lọ́lọ́. Àbẹ̀kẹ́ ni oríkì rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, Àbẹ̀kẹ́ Ìjálá ni a ń pè é.

Ìwé kékeré kan wà tí ó máa ń kọ ọ̀rọ̀ ọkàn rẹ̀ sí. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ obìnrin kan ṣe ń wu òun. Ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan jí ìwé náà, ó kà á sókè fún àwọn mìíràn, àwọn mẹ́ta sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́ kí wọ́n má baà lọ sọ fún ìyá rẹ̀ tí ń ta búrẹ́dì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni ó fi san owó oúnjẹ rẹ̀ fún wọn. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni ó ṣàkíyèsí pé kì í jẹun mọ́. Wọ́n bi í, ó sọ fún wọn, wọ́n sì mú un wá sí ọ̀dọ̀ mi.

Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Sà, ṣé ẹ ó sọ fún ìyá mi?”

Mo gbé orí sókè ní ọjọ́ yìí. Mo ní, “Dìde, Àbẹ̀kẹ́. Ohun tí o kò fẹ́ kí n sọ, n kò ní sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ó bá gba owó rẹ tàbí tí ó fọwọ́ kàn ọ́, n ó wí.”

Mo lọ bá olùkọ́ tí ń tọ́ àwọn ọmọ sọ́nà, obìnrin tí ó ní sùúrù. A pe àwọn mẹ́ta náà. A kò fi ọ̀rọ̀ inú ìwé ṣe ẹjọ́. Olè àti ìlọ́nilọ́wọ́gbà ni a fi ṣe ẹjọ́. Wọ́n dá ìwé padà, wọ́n dá owó padà díẹ̀díẹ̀. Fún odindi sáà yẹn, àwọn márùn-ún ni ó ń bá Àbẹ̀kẹ́ rìn gba ojú irin lọ sí ìhà Orílé Agége. N kò sọ pé gbogbo nǹkan wá tán pátápátá. Àwọn kan kò bá a jókòó mọ́, ó sì ṣe ọ̀sẹ̀ kan tí kò wá. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2013, ó jókòó ṣe ìdánwò WAEC pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Àlàmú kò jókòó ṣe é pẹ̀lú àwọn tirẹ̀.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí. Mo rí i pé ọ̀nà tí mo rò pé èmi nìkan ni mo là ti pẹ́ tí àwọn olùkọ́ kan ti ń tọ̀ ọ́. Ní ọdún 1984, olùkọ́ kan tí ń jẹ́ Virginia Uribe dá ètò kan sílẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ Fairfax ní Los Angeles, kí àwọn ọmọ tí wọ́n ń fi ìfẹ́ akọsákọ àti abosábo yọ lẹ́nu lè rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Ní ọdún 1988, ní Concord Academy ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, olùkọ́ ìtàn kan, Kevin Jennings, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí ó pa àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́ àwọn tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Irú ẹgbẹ́ yìí ni wọ́n ń pè ní GSA ní ìkékúrú, ó sì tàn ká Amẹ́ríkà àti Kánádà.

Kò rọrùn fún àwọn náà. Ní ọdún 1996, nígbà tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Salt Lake City fẹ́ dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ìlú náà yàn láti fòfin de gbogbo ẹgbẹ́ tí kò bá iṣẹ́ kíláàsì tan, dípò kí ó gbà á láyè. Ọdún 2000 ni wọ́n tó yí i padà. Òfin tí àwọn ọmọ náà gbá mú gẹ́gẹ́ bí asà ni òfin ọdún 1984 tí àwọn onígbàgbọ́ jà fún kí ẹgbẹ́ akàbíbélì lè máa pàdé ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba. Òfin kan náà ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún ẹgbẹ́ méjèèjì.

Ǹjẹ́ ẹgbẹ́ wọ̀nyí ń dáàbò bo ọmọ ní tòótọ́? Ní ọdún 2016, Robert Marx àti Heather Hensman Kettrey ti Yunifásítì Vanderbilt kó ìwádìí 15 jọ, tí ó kan akẹ́kọ̀ọ́ tí ó lé ní 62,000. Wọ́n rí i pé ní ilé-ẹ̀kọ́ tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ wà, ìṣeéṣe pé ọmọ yóò sọ pé wọ́n fìyà jẹ òun nítorí ọ̀rọ̀ yìí fi nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 dín sí ti ibi tí kò sí. Ti pé ọmọ yóò máa bẹ̀rù fún ààbò ara rẹ̀ fi ìdá 36 dín. Ti pé yóò máa gbọ́ èébú fi ìdá 52 dín. Ní British Columbia ní Kánádà, àwọn olùwádìí rí i pé níbi tí ẹgbẹ́ náà bá ti pé ọdún mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sàn fún àwọn ọmọ tí ọ̀rọ̀ kò tilẹ̀ kàn pàápàá, nítorí pé èébú tí a ń bu ẹnì kan kì í mọ ojú ẹni tí yóò bà.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe ìdánwò, ẹ fi etí sí èyí, nítorí ibẹ̀ ni àròkọ ti máa ń ṣubú. Pé ohun méjì jọ ń rìn kò túmọ̀ sí pé ọ̀kan ni ó bí èkejì. Ó lè jẹ́ pé ilé-ẹ̀kọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ ti láàánú tẹ́lẹ̀ ni ó ń gba irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ láyè. Àwọn olùwádìí fúnra wọn mọ èyí. Ṣùgbọ́n bí mo bá wo ohun tí mo fi ojú ara mi rí, mo lè sọ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Aninilára kì í kọlu ẹni tí ó ní ẹlẹ́rìí. Ọmọ tí àwọn mìíràn mọ ìgbà tí ó jẹun àti ìgbà tí kò jẹun, àṣírí ìyà rẹ̀ kì í pẹ́ tú. Bí àgbà kan bá sì ti sọ ní gbangba, kí ọ̀ràn tó dé, pé òun kò ní gba irú ọ̀rọ̀ báyìí, ọmọ á mọ ilẹ̀kùn tí yóò kàn.

Lẹ́yìn náà ni òfin wa dé. Ní ọjọ́ 7 oṣù kìíní ọdún 2014, Ààrẹ Goodluck Jonathan fi ọwọ́ sí òfin tí ó ka ìgbéyàwó akọsákọ àti abosábo léèwọ̀. Ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ni fún ẹni tí ó bá ṣe irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ni fún ẹni tí ó bá forúkọ ẹgbẹ́ àwọn tí ń fẹ́ akọsákọ sílẹ̀, tí ó darí rẹ̀, tàbí tí ó kópa nínú rẹ̀. Nítorí náà, irú ẹgbẹ́ ti Concord kò lè sí ní Agége. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, àwọn ọlọ́pàá kó ọkùnrin 57 níbi àpèjẹ kan ní Ẹgbẹ́dá, tí kò jìnnà sí wa. 47 nínú wọn ni wọ́n gbé lọ sí ilé-ẹjọ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020 ni adájọ́ wọ́gi lé ẹjọ́ náà nítorí pé olùpẹjọ́ kò múra sí i. Ṣùgbọ́n a ti fi àwòrán wọn han gbogbo ayé ṣáájú.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ìròyìn òfin náà jáde, igbákejì ọ̀gá wa kan pè mí sí kọ̀rọ̀. Ó ní, “Ọ̀gbẹ́ni, irú ẹgbẹ́ wo gan-an ni ẹ ń ṣe ní ọjọ́bọ̀?” Òbí méjì ti yọ ọmọ wọn kúrò. Ẹ̀rù bà mí, mo sì gbèrò láti ti ilẹ̀kùn náà pa. Òru méjì ni n kò sùn. Ní ọjọ́ kẹta, mo kọ òfin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí ìwé, mo kọ ohun tí a ń ṣe, ìjálá, ẹkún ìyàwó, àlọ́, àròkọ, mo gbé e fún ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, “Kò sí òfin ìjọba tí ó ní kí a máa bú ọmọ ọlọ́mọ.” Ó fi ọwọ́ sí i.

Òótọ́ ni ó sọ. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 2003, tí Ìpínlẹ̀ Èkó sọ di tirẹ̀ ní ọdún 2007, ní a kò gbọdọ̀ ṣe ọmọ kankan léṣe ní ara tàbí ní ọkàn, a kò sì gbọdọ̀ fi ìwà àbùkù kàn án. Kò yọ ọmọ kankan sílẹ̀. Mo rántí ohun tí mo kà nípa Bìrìtìkó. Ní ọdún 1988, wọ́n ṣe òfin kan níbẹ̀ tí a mọ̀ sí Abala 28, tí ó ní kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ má ṣe gbé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ akọsákọ lárugẹ. Òfin náà kò sọ pé kí olùkọ́ má gba ọmọ tí wọ́n ń lù sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù mú ọ̀pọ̀ olùkọ́ dákẹ́. Scotland fagi lé e ní ọdún 2000, England àti Wales ní ọdún 2003. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rù kọ́ wa ní ohun tí òfin kò sọ.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò sọ pé ẹ̀sìn wa kò gbà á, àṣà wa kò sì gbà á. Èmi náà ń lọ sí ilé Ọlọ́run. N kò pe àwọn ọmọ náà ní ọmọ burúkú, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá tilẹ̀ pè wọ́n bẹ́ẹ̀, kí ó rántí pé Yorùbá ní bí ọmọ ẹni bá burú títí, a kì í lé e fún ẹkùn pa jẹ. Ní ti ọ̀rọ̀ pé ọkùnrin kan ń ṣe bí obìnrin, ẹlẹ́gùn Ṣàngó, ọkùnrin ni, ó sì ń dirun. Àwọn tí ń gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ọkùnrin ni wọ́n, wọ́n sì ń wọ aṣọ obìnrin láti fi bọ̀wọ̀ fún àwọn ìyá wa. Èyí kò fi hàn pé ìfẹ́ akọsákọ ni wọ́n ń ṣe. N kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé àwọn baba wa rí ọkùnrin tí ó dirun, wọn kò sì ká a mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà lù.

N kò fẹ́ tan yín jẹ nípa ẹgbẹ́ wa. Ààbò ìdajì ni ó fún àwọn ọmọ. Ọmọ tí ó ní láti pa ohun kan mọ́ra kí ó tó lè wà láìléwu, ẹrù ṣì wà lórí rẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ kò lè dìde ní gbangba sọ ẹni tí òun jẹ́ bí ọmọ Massachusetts ṣe lè sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó jẹun ní ọ̀sán, ó dé ilé ní ìrọ̀lẹ́, kò sì pàdánù eyín kankan.

Mo fẹ̀yìn tì ní ọdún 2018. Agbègbè wa ti yí padà. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ aláṣọ ti kógbá sílé, ilé-iṣẹ́ táyà ti Dunlop dáwọ́ iṣẹ́ ṣíṣe dúró ní òpópó Ọba Akran, ilé ìjọsìn àti gbọ̀ngàn àpèjẹ sì ti gba ipò àwọn ilé-iṣẹ́ kan. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ọkọ̀ ojú irin tuntun ti ìjọba Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í gba Agége àti Ìkẹjà kọjá. Ṣùgbọ́n aago méjì ni àwọn ọmọ ṣì ń jáde, àwọn òbí wọn kò sì tíì dé.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ọmọ kan yóò wá bá yín ní ìdí tábìlì yín. Ó lè jẹ́ lọ́la. Ìwé yóò ga níwájú yín. Yóò ní, “Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ń pè mí ní báyìí-báyìí, wọ́n ní àwọn yóò dúró dè mí.” Ẹ má ṣe bi í léèrè ohun tí ó ṣe fún wọn, ẹ má sì ṣe ní kí ó lọ ṣe bí ọkùnrin tàbí kí ó lọ ṣe bí obìnrin. Ẹ pa ìwé yín dé. Ẹ bi í léèrè ọ̀nà tí ó ń gbà lọ sílé, kí ẹ sì wá ẹni mẹ́rin tí yóò bá a rìn. Bí ẹ bá ráyè lẹ́yìn náà, ẹ bi í ní oríkì rẹ̀.